Bàbá Tó Ń Fi Etí Wo Àwòrán

"Kí ló wà lẹ́yìn obìnrin náà?"

Bàbá ti gbé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá pẹ́ kí n tó dáhùn, yóò fi ọ̀pá náà kan bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé, igi bẹ́ǹṣì náà yóò sì dún wọ inú eegun ìdí mi. Àwòrán wà lórí orúnkún mi. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi ti rin etí ìwé náà. Mo rí ohun tó wà lẹ́yìn obìnrin náà kedere: àpótí onígi ni, wọ́n fi okùn dì í, adìyẹ kan sì dúró lé e lórí. Bí àwọn Faransé ṣe ń pe adìyẹ ni kò sí lẹ́nu mi mọ́. Mo ti kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

"Ẹranko kan ni, sà," ni mo wí ní èdè Faransé.

Bàbá kọ ojú sí mi, ojú méjèèjì tí funfun ti bò bí omi ògì. "Ẹranko? Ṣé ẹkùn ni àbí màlúù? Ṣé kí n sá ni, àbí kí n jókòó?"

Láti ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá Àjàṣẹ́, ti bú sẹ́rìn-ín. Gààrí ló ń yan nínú agbada ńlá kan, igbá tó fi ń rò ó kì í sinmi: ṣàà, ṣàà, ṣàà. Òórùn kíkan gààrí Ìjẹ̀bú yẹn a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá wa, a pàdé òórùn kọfí tí bàbá máa ń mu nínú kọ́ọ̀pù tánganran, kọfí tó dúdú bí kóró iṣin, tí kò ní wàrà. Ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, ilé wọn nìkan ni mo ti mọ òórùn kọfí. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá po kọfí nítòsí mi, àyà mi á kọ́kọ́ já, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí n kò mọ̀.

N kò ní sọ orúkọ bàbá yìí. Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í pe àgbà lórúkọ, n kò sì fẹ́ fi ọjọ́ ogbó mi ba ẹ̀kọ́ yẹn jẹ́. Àjàṣẹ́, nílẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ni wọ́n bí i sí. Bàbá tirẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló ṣòwò dé ibẹ̀. Ó lọ sí iléèwé àwọn fadá, ó di olùkọ́, ó sì fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí ojú náà lọ tán, ó mú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ Ègùn wá sí ilé bàbá rẹ̀, tó fi ògiri kan pààlà pẹ̀lú tiwa. Gbogbo ọmọdé àdúgbò ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Kì í nà wá o. Ìbéèrè ló máa ń bi wá. Bí o bá kí i lójú ọ̀nà, yóò ní kí lo gbé dání, kí lo wọ̀, ta ló dúró tì ọ́. Bí o bá sì ní, "Kò sí nǹkan, sà," yóò dúró síbẹ̀ títí wàá fi rí nǹkan.

Ohun tó gbé mi dé iwájú rẹ̀ ni ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Olùkọ́ Faransé iléèwé wa fi wá sílẹ̀ láàárín ọdún, kò sì sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Èyí tí a ń kọ sínú ìwé, mo lè gbìyànjú rẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àfẹnusọ. Wọn yóò gbé àwòrán kan síwájú rẹ, àjèjì kan yóò jókòó kojú rẹ, wọn yóò sì ní kí o máa sọ ohun tí o rí ní èdè tí kì í ṣe ti bàbá rẹ, títí àjèjì náà yóò fi ní ó tó. Ìṣirò kò gbà mí láàyè rárá. Mo mọ̀ pé bí Faransé bá tún bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀nà yunifásítì ti dí nìyẹn.

Bàbá mi ti sọ tirẹ̀. "Bí o bá yege, màá ṣe gbogbo ohun tí agbára mi bá ká. Bí o ò bá yege, kò sí ìjà. Wàá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí o máa bá a la pákó." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo ti dé ibi ìlapákó yẹn rí. Ariwo ayùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìka méjì ti bá ayùn lọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nínú ẹbí. Bí ó bá na ọwọ́ láti bọ̀ wá lọ́wọ́, a ó gbá a mú bí ẹni pé ọwọ́ náà pé.

Ìyá mi ló mú mi lọ bá bàbá. Ó kúnlẹ̀, èmi dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ọmọ yín rèé o. Ẹ bá mi fi Faransé yìí sí i lẹ́nu."

"Àwòrán ni wọ́n ń lò nínú ìdánwò náà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ti gbàgbé pé n kò ríran ni?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. "Háà, bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ríran ju gbogbo wa lọ."

"Ẹ má pọ́n mi lé," ni bàbá dá a lóhùn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ríran, ọmọ yín lè nawọ́ sí nǹkan kí ó sì dákẹ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ohun tí kò bá sọ, kò sí níbẹ̀."

Bí ó ṣe ń kọ́ mi kò jọ ti iléèwé. Yóò gbé àtẹ kan lé itan. Nínú agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èkùrọ́ wà, pẹ̀lú páálí ìṣáná òfìfo, òkúta wẹ́wẹ́ àti ègé igi. Bí mo bá ti ní ọkùnrin kan dúró lápá òsì, yóò mú èkùrọ́ kan sí apá òsì àtẹ. Bí mo bá ní ilé, páálí ìṣáná ni. "Ṣé ó jìnnà sí ilé náà? Ta ló kọjú sí ta?" Ìka rẹ̀ gígùn a máa rìn lórí àtẹ bí aláǹtakùn, a máa wá ibi tí nǹkan yẹ kó wà. Bí mo bá parí, yóò pe ìyàwó rẹ̀. Ìyá Àjàṣẹ́ yóò nu ọwọ́ sára ìró, yóò wo àwòrán, yóò wo àtẹ, yóò wá dájọ́. "Ìyàwó yìí kò dúró bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ti kẹ́yìn sí ọkọ rẹ̀." A ó tún bẹ̀rẹ̀.

Inú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni a ti ń rí àwòrán, àti inú ìwé kíkà tó kó bọ̀ láti Àjàṣẹ́, àti ara páálí bisikíìtì pàápàá. Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n mi ń là. Ẹ̀rù kò kúrò. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, mo ń rí pákó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdánwò dé ni a bọ́ sórí àwòrán ibùdókọ̀ rélùwéè kan. Òun ni ti obìnrin tó ní àpótí àti adìyẹ yẹn. Èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìdí òpó kan, ọkùnrin afọ́jú kan jókòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ fún àánú, ọmọdé kan sì di orí ọ̀pá rẹ̀ mú. Ojú mi kò ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe afọ́jú ní Faransé, mo mọ̀ ọ́n dáadáa ju adìyẹ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? A kì í ka ìka lójú oníka mẹ́sàn-án. Mo sọ òpó, mo sọ ògiri, mo fo ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ kejì, mo tún fò ó; a kò tíì parí àwòrán náà débi tí ìyá Àjàṣẹ́ yóò fi yẹ àtẹ wò.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, lẹ́yìn tí bàbá ti fi adìyẹ ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tán tí mo sì ti rántí orúkọ rẹ̀, ìyá Àjàṣẹ́ wá yẹ àtẹ wò. Gààrí lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ méjèèjì. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Èkùrọ́ kù."

"Ta ló kù?" ni bàbá bèèrè.

"Bàbá afọ́jú ìdí òpó yìí ńkọ́? Òun àti ọmọ tó ń fà á?"

Mo ń gbọ́ gààrí tó ń ta nínú agbada, tí kò sẹ́ni tó ń rò ó.

"O rí i?" ni bàbá bi mí.

"Mo rí i, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Mo rí i pé ó ti yé e. Ó gbé àtẹ náà, ó yí i dànù. Èkùrọ́ fọ́n ká orí sìmẹ́ńtì, àwọn kan yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Máa lọ sílé yín."

Nílé, ìyá mi ní ohun tí mo ṣe ló dára. "Ṣé kí o pe àgbà ní afọ́jú lójú ara rẹ̀ ni? Kò sí ọmọ ulé yìí tó máa ṣe bẹ́ẹ̀." Bí inú bá ń bí i, ojúlówó Ìjẹ̀bú ló máa ń sọ, ilé a di ulé. Bàbá mi kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ó kàn bi mí bóyá ṣòkòtò kakí mi àtijọ́ ṣì gbà mí, nítorí pé iṣẹ́ pákó kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi mú mi padà. Ó ní ọmọdé ló ń bẹ àgbà, ìbáà jàre. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkùrọ́ kan tí wọn kò tíì ṣà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó," ni ìyá mi wí. Bí ó ti gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ìyá ọmọ, ọmọ yín kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ ló lò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, gbogbo ẹni tó ń wọlé yìí ló ń yọ nǹkan kan kúrò fún mi. Bí ẹnìkan bá kú, wọn kì í sọ. Bí ògiri bá là, wọn kì í sọ. Wọ́n ń ṣàánú mi. Ayé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kò fẹ̀ ju àtẹ yìí lọ mọ́. Mo rò pé mo ti rí ẹnìkan tí yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, nítorí pé ìdánwò ń lé e."

Ó ní kí ìyá mi máa lọ. Kò gbé àtẹ.

"Kò sí àwòrán lónìí. Èmi ni àwòrán náà. Wò mí, kí o sọ mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà. Mo sọ àwọ̀ rẹ̀. Mo sọ bùbá, mo sọ bọ́tìnì kan tó ti já, mo sọ ọ̀pá, mo sọ bàtà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ò ń yí mi po bí ajá tó fẹ́ sùn. Gòkè wá sójú."

Ọmọ tí wọ́n tọ́ láàárín wa kì í tẹjú mọ́ àgbà; ilẹ̀ ni ojú wa ń gbé. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó.

"Ọkùnrin náà..." Mo tún bẹ̀rẹ̀. "Ọkùnrin náà fọ́jú," ni mo wí ní Faransé.

Mo ń retí ọ̀pá. Ọ̀pá kò gbéra.

"Báwo ni ojú náà ṣe rí?"

"Ó funfun, sà. Ti òsì funfun ju ti ọ̀tún lọ. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀."

"Irùngbọ̀n mi ńkọ́?"

"Funfun, sà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n náà bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ohun olóhun. "Ìyá yìí!" ni ó ké sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìwọ tí o ní ewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ ni!"

"Kí lẹ fẹ́ fi dúdú ṣe?" ni ìyá Àjàṣẹ́ dá a lóhùn. "Ṣé ẹ tún fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó rán mi wọ pálọ̀ kí n lọ wo fọ́tò bàbá tirẹ̀ lára ògiri, kí n wá sọ ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Mo ní imú kan náà ni. Mo ní ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ṣubú díẹ̀ sápá òsì, gẹ́gẹ́ bíi ti inú fọ́tò.

"Bẹ́ẹ̀ ni ètè bàbá mi ṣe rí nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fi ayé sílẹ̀," ni ó wí. Ó na ọwọ́ sí kọfí rẹ̀, ó mu ún. Ó ti tutù.

Iléèwé mìíràn nínú ìlú ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. A tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan nínú aṣọ funfun tí wọ́n ti fi sítáàṣì lọ̀. Ẹni tó bá jáde kò gbọdọ̀ bá àwa tó kù sọ̀rọ̀, nítorí náà ojú wọn ni a ń kà. Ọ̀kan jáde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Olùdánwò náà jẹ́ ọkùnrin tó lo awò ojú, kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó ti àwòrán kan síwájú mi. Ìdílé kan ló jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ. N kò rí nǹkan kan mìíràn. Gbogbo Faransé tí mo ní gbéra, ó fi mí sílẹ̀. Etí mi ń hó, mo ń gbọ́ ayùn. Mo wá sọ fún ara mi pé ọkùnrin tó jókòó yìí kò rí àwòrán náà, pé kò ní nǹkan kan àfi ohun tí mo bá gbé fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó: tábìlì, abọ́ ìrẹsì, ife omi, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

Mo dé ibi tí ẹ̀kọ́ ilé ti ní kí n dúró. Ọkùnrin ilé náà na ìka sí ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú. Ọmọ kan wà lábẹ́ tábìlì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá àti ìyá bá ń jà, ọmọ kò rí i. Bí àlejò bá wọlé, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ lẹ́yìn náà pé oúnjẹ ni àwọn sọ, wọ́n sọ oúnjẹ títí oúnjẹ fi tán. Èmi sọ ọ́. Mo ní obìnrin náà ń sunkún. Mo ní ọkùnrin náà ń bínú, ọmọ kan ti sá pamọ́, kò sì sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Olùdánwò gbé ojú sókè. "Kí ló dé tí obìnrin náà ń sunkún?"

Mo wá a nínú àwòrán náà dé igun. "N kò mọ̀, sà. Kò sí níbẹ̀."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

Mo yà sọ́dọ̀ bàbá kí n tó délé. Ó ti jókòó, àtẹ wà lórí itan. Mo tò ó fún un bí mo ṣe tò ó fún ọkùnrin yẹn. Èkùrọ́ ọkọ, èkùrọ́ ìyàwó, páálí ìṣáná dúró fún tábìlì, ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní obìnrin náà ń sunkún, ìka bàbá dúró lórí èkùrọ́ tirẹ̀, kò kúrò.

"Ṣé ẹnìkan ń wò ó?"

"Ọmọ abẹ́ tábìlì nìkan, sà."

"O sì sọ ọ́ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́, sà."

"Ó dáa. Nígbà náà, kò dá wà."

Ìgbà tí a ń retí èsì gùn ju gbogbo ọdún tí mo lò níléèwé lọ. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá kọjá ẹnu ọ̀nà wa, n kì í lè mí. Èsì dé, mo yege. Bàbá mi gbé ṣòkòtò kakí náà fún ọmọ àbúrò rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó sí mi mọ́. Yunifásítì ni mo wà nígbà tí bàbá tó kọ́ mi ní Faransé fi ayé sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, wọ́n ní kí n má baà fi ìbànújẹ́ ṣe ìdánwò. Mo wọ ìlú lọ́jọ́ ìsinmi, mo sì kí i láti ojú ọ̀nà bí ìṣe mi, mo ń dúró kí ó bi mí ní ohun tí mo gbé dání.

Ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò níwájú rẹ̀. Faransé mi ti lọ. Bí mo bá pàdé ọmọ Kùtọnu, ìkíni ló ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu. Ohun tí kò lọ ni ẹ̀rù yẹn, ẹ̀rù ẹni tó ti rí nǹkan, tí ẹlòmíràn sì ń dúró kí ó sọ ọ́. Mo ti darúgbó mọ́ ọn. Mo sì ti mọ̀ báyìí pé ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń bo ara wa láṣìírí ló ń fi wá sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Lọ́dún tí àìsàn dá ìyàwó mi dúbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wá kí i. "Ẹ ti ń dára sí i, mà. Ojú yín ti ń tàn." Wọ́n ti gbé dígí kúrò nínú yàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo wọn ti lọ, ó yí orí sí mi.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, báwo ni mo ṣe rí?"

Àyà mi já. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi ló kún ẹnu mi, ó fẹ́ dáhùn fún mi. Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo sì sọ ọ́ fún un: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti wọlé, ojú tó ti jìn sínú, ọrùn tó ti tín-ín-rín, ìwọ̀nba irun tó kù. N kò fo nǹkan kan.

Ó pa ojú dé, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó wá ọwọ́ mi lórí aṣọ ìbora, ó dì í mú.

"Ẹ ṣé," ni ó wí. "Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀."